Ọkọ̀ Alhaji tí Mo Lọ Yẹ̀ Wò

Inú ọgbà tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni mo dàgbà sí ní Abẹ́òkúta, bàbá mi ló ni ín. Kí n tó mọ̀wé kà dáadáa ni mo ti mọ̀ pé ọkọ̀ máa ń purọ́, àmọ́ irọ́ rẹ̀ kì í jinlẹ̀. Bàbá mi á ti fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó kí ẹni tó fẹ́ tà á. Bó bá gbóná, á jẹ́ pé onítọ̀hún ti tan án sílẹ̀ kí a tó dé, kí a má bàa gbọ́ bó ṣe ń húkọ́ bó bá tutù. Wọ́n á tú ìdérí òróró ẹ́ńjìnnì, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n á wo rọ́bà ibi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ bíréèkì bóyá ó ti jẹ tán, torí èèyàn lè yí náńbà ojú aago tó ń ka máìlì padà, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń rántí rọ́bà. Ọkọ̀ àbúrò wọn pàápàá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní ẹbí lọ̀tọ̀, ẹ́ńjìnnì lọ̀tọ̀.

Ìwà yìí ni mo gbé wá sí Peckham, kò sì jẹ́ kí n lọ́rẹ̀ẹ́ púpọ̀. Láàárín àwa tí a jọ ń kírun níbí, bí àgbà bá ní òun fẹ́ ta nǹkan fún ọ, wàá kúnlẹ̀, wàá dúpẹ́, wọ́n á ṣàdúà sí i, ó parí nìyẹn. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ wo abẹ́ ọkọ̀ àgbà ti pe àgbà lópùrọ́. Nígbà tí Alhaji, àgbà kan láàárín wa, ránṣẹ́ sí mi pé wọ́n fẹ́ ta ọkọ̀ wọn, ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ àti ọmọ mi jọ ń lọ sílé kéwú sọ fún mi pé, “Ṣebí ti Alhaji ni. Kí lo tún fẹ́ máa check?” Inú bí mi. Iṣẹ́ mi ni kí n máa lọ tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn, láti Catford dé Lewisham, wíwọ bọ́ọ̀sì sì ti fẹ́ pa mí. Ọkọ̀ tó bá máa dákú sójú ọ̀nà kò wúlò fún mi, ẹni yòówù kó ṣàdúà sí i.

Kì í ṣe pé mi ò mọyì Alhaji. Wọ́n ti wà ní London kí wọ́n tó bí mi, àwọn ni wọ́n sì bá mi wá yàrá nígbà tí mo kọ́kọ́ dé. Láràárọ̀ Sátidé, àwọn ni wọ́n máa ń kó àwọn ọmọ wa lọ sílé kéwú ní Catford. Ọmọ mi obìnrin wà lára wọn, ó sì fẹ́ràn wọn, Grandpa ló ń pè wọ́n. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Torí àwọn ọmọ yìí náà ni wọ́n ṣe fẹ́ ta ọkọ̀, wọ́n ti rí èyí tó tóbi jù ú lọ, kí wọ́n lè kó ọmọ púpọ̀ sí i. Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn ló yẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìyẹn kó wọn.

Ìgbà òtútù ni, nígbà tí ilẹ̀ máa ń ṣú kí àwọn ọmọ tó ti ilé-ìwé dé. Ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú nígbà tí mo bá Alhaji níwájú ilé wọn, lẹ́yìn Rye Lane, mo kúnlẹ̀ kí wọn.

“Ṣé àlàáfíà lo wà, ọmọ mi? Mo ti ṣàdúà sí key náà.”

“Ẹ ṣé sà. Àmọ́ mo fẹ́ yẹ ọkọ̀ wò díẹ̀ sà.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ọmọ bàbá ẹ ni ẹ́. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Check it well, mi ò fi nǹkan kan pamọ́.”

Bọ́nẹ́ẹ̀tì tutù. Òróró mọ́. Mo tan ọkọ̀ náà, ó jí lẹ́ẹ̀kan náà, kò húkọ́, kò tú èéfín. Rọ́bà bíréèkì ti jẹ bó ṣe yẹ kó jẹ. Ẹ́ńjìnnì náà kò lẹ́bi kankan lọ́rùn, inú mi sì ti ń dùn kí n tó yí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì.

Àwọn ìlà tó wà níbẹ̀ kò lóǹkà. Láti iná iwájú títí dé ẹ̀yìn, ó ti ha, ó sì ti tún ha lórí èyí tó ti ha tẹ́lẹ̀. Òmíràn ti dípẹtà, òmíràn ṣì ń dán. Téèpù dúdú ni wọ́n fi lẹ dígí ẹ̀gbẹ́ mọ́ ara ọkọ̀, irin táyà sì ti rún létí nítorí gbígbá tí wọ́n ń gbá a mọ́ etí títì. Mo pa dà sápá ọ̀tún, níbi tí awakọ̀ ń jókòó sí nílùú yìí. Ibẹ̀ mọ́ lóló. Mo wo ìjókòó wọn, wọ́n ti fà á síwájú débi pé àyà wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan sítíárìn, bẹ́ẹ̀ Alhaji ga jù mí lọ dáadáa. Ọkàn mi ò lélẹ̀ mọ́.

Bàbá mi kì í kọ́kọ́ wa ọkọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ rà. Ẹni tó ni ín ni wọ́n máa ń ní kó wà á, àwọn á jókòó tì í, torí ẹni tó ni ọkọ̀ ló mọ ibi tí kò yẹ kó tẹ̀. Mo ní kí Alhaji wà á kí n gbọ́ bó ṣe ń dún. Wọ́n gbà tayọ̀tayọ̀.

Mo jókòó sápá òsì. A ò tíì rìn jìnnà tí àwọn ọkọ̀ tó wà níkàlẹ̀ létí títì fi bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ ilẹ̀kùn mi, mo ń fa èjìká mi wọlé bí ẹni pé ìyẹn lè gbà mí. Alhaji ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ tuntun náà fún mi, pé ó ní ilẹ̀kùn tó ń fúnra rẹ̀ ṣí. A dé ibi tí wọ́n kùn ní funfun àti dúdú fún àwọn ẹlẹ́sẹ̀ láti sọdá. Obìnrin kan ti gbé ẹsẹ̀ lé e láti apá òsì, ó ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́. Mo ti rí i tipẹ́. Mò ń dúró kí Alhaji náà rí i, ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ni wọ́n ṣì ń sọ.

“Alhaji, ẹ dúró!”

Wọ́n tẹ bíréèkì. Bíréèkì náà dára, ó dúró gan-an. Obìnrin náà fi àtẹ́lẹwọ́ lu bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wò wá títí, kó tó ti ọmọ rẹ̀ kọjá.

“Níbo lẹni yẹn ti jáde?” ni Alhaji wí.

Mo mọ ohun tó ṣe wọ́n. Mò ń tọ́jú ìyá kan tí kì í jẹ oúnjẹ tó bá wà lápá òsì àwo rẹ̀, tí á ní mo bu oúnjẹ kéré fún òun. Kì í rí i ni. Ibi tí mo jókòó yẹn ni mo wà tí mo fi rántí ohun tí ọmọ mi sọ fún mi, pé Grandpa ní eré kan tí wọ́n máa ń ṣe nínú ọkọ̀. Bí iná ojú ọ̀nà bá ti pọ́n, ẹni tó bá kọ́kọ́ pariwo “red” ló jẹ. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́. Kò sí ẹ̀rín níbẹ̀. Ojú àwọn ọmọ wa ni wọ́n fi ń wakọ̀.

Ẹ̀rù bà mí, inú sì bí mi sí gbogbo wa. Kò sẹ́ni tí kò rí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ yẹn. Ìyá kan ti ní ìlara ọmọ aráyé ló ń ba ọkọ̀ Alhaji jẹ́, a sì ṣàdúà lé e lórí. Ọkọ ọ̀kan lára wa ló fi téèpù lẹ dígí wọn, kò sì bi wọ́n ní ìbéèrè kankan. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò bá kìlọ̀ fún un, hùrùhẹrẹ rẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Àwa rí kòkòrò náà lẹ́nu àgbà, a sì ń sọ pé ẹ kú iṣẹ́ sà.

Mo ní kí wọ́n páàkì. Nínú ọkọ̀, kò sáyè láti kúnlẹ̀, mo kàn tẹ orí ba.

“Ẹ má bínú sà. Ojú yín ni. Ẹ ò rí apá òsì. Ẹ má kó àwọn ọmọ mọ́, ẹ má sì ra ọkọ̀ yẹn.”

Ohùn wọn le. “Ìwọ? Èmi tí mo bá ẹ wá yàrá? Mo ti ń drive nílùú yìí kí wọ́n tó bí ẹ.”

“Bẹ́ẹ̀ ni sà. Bí ẹ ò bá gbà, màá pe ìyá ọmọ kọ̀ọ̀kan lónìí.”

Alhaji pa ọkọ̀. Wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́, wọ́n dì í mú díẹ̀, wọ́n sì nà án sí mi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

“Ṣé gbogbo yín lẹ ti rí i?”

“Gbogbo wa, sà.”

“Ẹ wá ń kí mi kú iṣẹ́.”

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, pé ohun tó burú jù ti kọjá, ara sì ti ń tù mí. Mo fẹ́ ṣílẹ̀kùn nígbà tí wọ́n tún sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́ báyìí.

“Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbì, mò ń bọ̀ láti Catford, èmi nìkan. Ojú ọ̀nà dá. Mo gbọ́ ìró kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ní òsì. Kò le púpọ̀.”

“Kí ni sà?”

“Mo dúró. Mo sọ̀kalẹ̀. Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn, mo ké pè bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀. Mi ò rí nǹkan kan.” Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní láti yí gbogbo orí wọn kí wọ́n tó rí mi. “Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo fọ ọkọ̀. Ìwọ mọ ọkọ̀ dáadáa. Jọ̀ọ́, lọ bá mi wo ohun tí mo gbá.”

Mo sọ̀kalẹ̀, mo tan iná fóònù mi. Mo bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, mo ń fọwọ́ tọ àwọn ìlà yẹn lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí mo fi dé ẹ̀yìn, mo tún pa dà. Wọ́n ti pọ̀ jù. Mi ò lè mọ èyí tó jẹ́ ti ọjọ́ yẹn nínú wọn.

Alhaji ti sọ gíláàsì ilẹ̀kùn ọkọ̀ sílẹ̀, wọ́n ń dúró de ohun tí màá sọ.