Vendelin, Ẹni Tó Ń Fetí Yẹ Òkúta Wò

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ pé òtútù ti ká ẹrù rẹ̀ kúrò ní abúlé wa kò ní láti máa wo ewé orí igi. Kó ṣáà tẹ́tí sí òkè. Bí oṣù kẹrin bá ti wọlé dáadáa, ohùn òòlù kékeré kan á máa sọ̀ kalẹ̀ láti ara àwókù ilé olódi Vranovec: kó, kó, kó. Á dákẹ́ díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Vendelin Kostka nìyẹn, ó ń yẹ òkúta wò.

Omi òjò a máa wọ inú àwọn ògiri náà lásìkò tí ewé ń wọ́. Bí òtútù bá mú, omi á dì, á wú, á sì máa ti òkúta kúrò nípò díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí oòrùn bá wá yọ́ yìnyín náà tán, òkúta tó ti tú yìí á kàn jókòó síbẹ̀ bí ọkọ tí wọ́n ti lé kúrò níbi iṣẹ́ tí kò tíì sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ojú kò lè dá a mọ̀, etí ló ń dá a mọ̀. Bí wọ́n bá fi òòlù kan òkúta tó yè, á dún gan-an, ohùn rẹ̀ á já geere. Bí wọ́n bá kan èyí tó ti kú, á dún bòò, bí ìgbà téèyàn lu igbá òfìfo. Èyí tó bá kú, Vendelin á fi ọ̀dà pupa sàmì sí i, àwọn bíríkìlà á sì wá tún un tẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó ń ṣí ẹnubodè, ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún, tí àlejò á máa ti ọ̀nà jíjìn gòkè wá wo àwókù náà títí òtútù á fi padà dé.

Ọdún mọ́kànlélógójì ló ti wà nídìí iṣẹ́ yìí. Sọ́mìlì ló ti ń ṣiṣẹ́ nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, níbi tí ayùn ńlá ti ń ké láti àárọ̀ dalẹ́, kó tó lọ fẹ́ Hermina, ọmọ Apolena. Apolena yìí ló ni òòlù nígbà náà. Obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín ni, kò sì fẹ́ràn ọkọ ọmọ rẹ̀ rárá, àmọ́ kò sí ẹlòmíì tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ náà. Á ní kí Vendelin kọ ẹ̀yìn sí ògiri, òun á kan òkúta, á wá bi í pé, "Ó yè àbí ó kú?" Bó bá ṣì í, kò ní rí ọbẹ̀ kábéèjì jẹ lọ́jọ́ náà. Lọ́dún kejì, kò ṣì í mọ́. Lọ́dún kẹta, àwọn èèyàn ti ń sọ pé bí èèrà méjì bá ń jà, etí Vendelin á gbọ́ èyí tó ń ṣépè. N ò ní purọ́, inú rẹ̀ máa ń dùn sí ọ̀rọ̀ yìí ju bó ṣe yẹ lọ.

Àṣà kan wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó dá a sílẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé ògiri yè, òun ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹun lábẹ́ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ ìṣílẹ̀kùn, Vendelin á gbé àpótí sí abẹ́ àwọn òkúta tó tẹ̀ bí ọrun lókè ẹnubodè, á jókòó, á jẹ búrẹ́dì tí wọ́n fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ pa, pẹ̀lú àlùbọ́sà tútù. Á jẹ ẹ́ tán pátápátá lójú gbogbo èèyàn. Ìgbà tó bá nu ẹnu ni àlejò tó lè kọjá.

Àmọ́ láti ìgbà òtútù èṣín ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Àwọn ẹyẹ ló kọ́kọ́ lọ. Vendelin rò pé wọn ò tíì padà dé láti ibi tí wọ́n sá òtútù lọ ni, àfìgbà tó rí ọ̀kan lójú fèrèsé, tó ya ẹnu gbàgà, tó ń kọrin, tí òun ò sì gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin di kíkùn létí rẹ̀. Ó ń bá Hermina jà pé ó ti ń sọ̀rọ̀ sínú jù, Hermina á kàn máa wò ó. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí alágbẹ̀dẹ bá pàdánù ọwọ́, gbogbo ayé á rí i, ṣùgbọ́n etí tó di ò hàn síta. Ẹ̀rù ń bà á, ìgbéraga sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀rù náà, òun fúnra rẹ̀ ò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì.

Nígbà tó gòkè pẹ̀lú òòlù lọ́dún yìí, èyí tó yè àti èyí tó kú ti ń dún bákan náà sí i: bòò, bòò, bòò. Ló bá dá ọgbọ́n kan. Ó ń gbé àtẹ́lẹwọ́ òsì lé òkúta, á fi ọ̀tún kàn án, èyí tó bá tú á gbọ̀n díẹ̀ lábẹ́ ọwọ́. Ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́ lára àwọn ògiri ìsàlẹ̀. Ó rí mọ́kànlá, ó sì fi ọ̀dà pupa sí wọn. Àmọ́ lọ́jọ́ tó kan ẹnubodè, ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù, òjò ń rọ̀, ìka rẹ̀ ti kú fún òtútù. Ó dé orí òkúta kẹrin lápá òsì. Ó kàn án lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Ṣé ó ń gbọ̀n ni, àbí ọwọ́ òun ló ń gbọ̀n? Kò mọ̀.

Bohumir, olórí abúlé wa, wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú agboòrùn àti ìwé tó fẹ́ kí Vendelin fọwọ́ sí. Ọkùnrin tó fẹ́ràn ìwé ju oúnjẹ lọ ni.

"Bàbá Vendelin!" ó lọgun. "Òkúta lẹ̀ ń yẹ̀ wò ni, àbí ẹ̀ ń bá a ṣèpàdé?"

"Ní sùúrù."

"Sùúrù kẹ̀! Irinwó èèyàn ló ti sọ pé àwọn ń bọ̀ lọ́la. Ẹ kàn sọ fún mi, ó yè àbí kò yè?"

Bí Vendelin bá sàmì sí òkúta orí ẹnubodè, wọ́n á ti ibẹ̀ pa fún oṣù méjì. Ẹnjiníà ìjọba á ti ìlú ńlá wá, á bi í pé báwo ló ṣe mọ̀, àṣírí á sì tú pé adití ni wọ́n gbé òòlù lé lọ́wọ́. Ta ni yóò wá jẹ́ lábúlé yìí láìsí òòlù? Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà.

"Ó yè," ló wí. Ó sì fọwọ́ sí ìwé náà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Hermina gbé ọbẹ̀ ka iwájú rẹ̀, àmọ́ kò kúrò níbẹ̀.

"Mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta láti ẹnu ọ̀nà."

"Mo ń ronú ni."

"Etí lo fi ń ronú?"

Vendelin tẹjú mọ́ àwo. Hermina yí tábìlì po, ó dúró síbi tí ọkọ rẹ̀ á ti rí ẹnu rẹ̀ dáadáa. "Vendelin, ẹnubodè yẹn ńkọ́? Ṣé o gbọ́ ọ?"

"Ọdún mọ́kànlélógójì! Ṣé o ti wá fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?"

"Ta ló ń kọ́ ẹ níṣẹ́? Ọ̀rọ̀ ọmọ mi ni mò ń sọ. Abẹ́ ibẹ̀ ni Zlatica máa dúró sí lọ́la tó bá ń ka àwọn ọmọ iléèwé wọlé."

Zlatica ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Òun ló ń mú àlejò yí inú àwókù náà ká. Ṣíbí dúró sí agbedeméjì àwo àti ẹnu Vendelin.

"Mo ní ó yè," ó wí.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòtítọ́ á lé e bá. Irọ́ ti Vendelin ò tiẹ̀ tíì pé ọjọ́ kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, oòrùn yọ, àwọn afunfèrè dé pẹ̀lú ìlù ńlá wọn, àlejò kún ojú ọ̀nà láti ẹnubodè títí dé ìdí òkè. Àwọn ọmọ iléèwé ló wà níwájú, méjìlélógójì, gbogbo wọn dé fìlà ofeefee, Kordula tíṣà wọn sì ń bá wọn wí. Zlatica dúró tì wọ́n, ó mú ọ̀pá àsíá gígùn dání.

Vendelin gbé àpótí sábẹ́ òkúta, ó jókòó, ó sì bu búrẹ́dì jẹ.

Ó jẹ ẹ́ títí, ṣe ló dà bí ẹni ń jẹ aṣọ. Bó ṣe jókòó síbẹ̀ ló wá ń rò ó pé kí gan-an ni ìjókòó òun yìí fi hàn? Òkúta lè dúró fún arúgbó kan tó jókòó jẹ́ẹ́. Nígbà tí ọmọ méjìlélógójì bá ń fẹsẹ̀ kilẹ̀ kọjá, tí ìlù ńlá náà sì ń dún lábẹ́ rẹ̀, ńkọ́? Bó bá já lu òun nìkan, ìyà tó tọ́ sí òun nìyẹn. Àmọ́ kò sí àdéhùn kankan láàárín òun àti òkúta pé orí òun ló máa já lé.

"Bàbá Vendelin," ọ̀kan nínú àwọn afunfèrè pariwo, "ṣé ẹ fẹ́ fi ìyókù ṣe oúnjẹ alẹ́ ni?"

"Eyín ti tán lẹ́nu wọn!" òmíràn dáhùn. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.

Eruku òkúta funfun kan já bọ́ sórí búrẹ́dì náà, ó kéré bí iyọ̀ téèyàn fi ìka mẹ́ta bù. Vendelin wò ó. Ó lè jẹ́ afẹ́fẹ́ ló gbé e wá. Ó gbójú sókè. Òkúta kẹrin wà níbi tó wà lánàá, kò yàtọ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

"Ó tó, Bàbá. Ẹ nu ẹnu yín, ẹ jẹ́ ká wọlé!" Bohumir ju ọwọ́ sí àwọn onílù. Zlatica gbé ẹsẹ̀ síwájú, ó ń bọ̀ wá dúró síbi tó máa ń dúró sí.

Vendelin dìde, àpótí ṣubú. "Zlatica, padà! Ẹ̀yin èèyàn, ẹ dúró. Irọ́ ni mo pa."

Àwọn kan tún rẹ́rìn-ín.

"Mo fọwọ́ sí ohun tí mi ò gbọ́. Etí mi ti di, ó ti lé lọ́dún kan. Òkúta kan wà lókè yìí tí mi ò mọ̀ bóyá ó yè àbí ó kú."

Bohumir sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Bàbá, ẹ má dójú tì mí níwájú àlejò! Ẹ ti fọwọ́ sí i. Ìwé rèé, ó wà lápò mi!"

"Ṣé ìwé ló gbé òkúta dúró?"

Zlatica ń sọ nǹkan. Vendelin ò gbọ́ ọ, àmọ́ ó rí i lẹ́nu rẹ̀ pé, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?" Ìtìjú bá a dé eegun. Ó gba ọ̀pá àsíá lọ́wọ́ rẹ̀, ó tú àsíá, ó yọ òòlù lápò, ó sì fi okùn àsíá dè é mọ́ orí ọ̀pá náà gírígírí. Ó jáde kúrò lábẹ́ òkúta, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níta, ó sì ní kí gbogbo wọn sún sẹ́yìn.

"Iṣẹ́ etí nìkan ló kù," ó wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́, kí ẹ bá mi gbọ́ ọ."

Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Ó na ọ̀pá sókè, ó kan òkúta kìíní. Ó bojú wẹ̀yìn wo àwọn èèyàn, wọ́n ń wò ó bí wọ́n ṣe ń wò ó tẹ́lẹ̀. Ó kan ìkejì. Bohumir ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹni ń sọ pé, "Àbí ẹ ò rí i pé ó yè?" Ó kan ìkẹta. Ọmọ kan ń họ imú. Ó wá na ọ̀pá sí ìkẹrin, ó kàn án bó ṣe kan àwọn yòókù, kò fi kún agbára, kò dín in kù, ó sì yíjú sí wọn.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọmọ tó ń họ imú ti gbé ọwọ́ bo ẹnu. Kordula na apá méjèèjì, ó ń fa àwọn ọmọ sẹ́yìn láìsọ̀rọ̀. Onílù gbé àtẹ́lẹwọ́ lé awọ ìlù rẹ̀ bí ẹni pé ó lè dún fúnra rẹ̀. Orí Bohumir ò mì mọ́. Irinwó èèyàn, àtọmọdé àtàgbà, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò kọ́ṣẹ́ yìí rí, ni wọ́n jọ gbọ́ ọ kedere. Fún Vendelin, ohùn kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Ṣé ó yè?" ó bi wọ́n. Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Zlatica, ṣé ó yè?"

Zlatica mi orí pé rárá, ó ń sunkún. Vendelin náà bú sẹ́kún lójú gbogbo wọn, kò sì bo ojú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn fìlà ofeefee náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kà wọ́n dé méjìlélógójì, ó wá ka Zlatica kún un.