Ibùsùn Onírin Ràfíátù

Ọjọ́ tí àbúrò bàbá mi gbé ibùsùn onírin láti Àjàṣẹ́ dé ilé wa ní Ikpinlè, lẹ́yìn òmìnira Dàhòmẹ̀, kò lè kúrò lọ́kàn mi.

Wáyà ibùsùn náà ń ta ènìyàn sókè, ó sì rà á kí Ràfíátù ọmọ rẹ̀ lè máa fò lórí rẹ̀. Ó gbé e jìnnà sí igi ọsàn, ó ri ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì kó èèpo àgbàdo yí i ká kí ẹni tó bá bọ́ má baà fara pa. Ó ní, "Ẹnì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan o."

Ràfíátù ń fò, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìlara gbà mí lọ́kàn, torí bàbá tèmi kò ra nǹkan ìṣeré kankan fún mi rí. Nígbà tó lọ mu omi, mo kó èèpo ẹ̀gbẹ́ kan dà fún ewúrẹ́.

Ó padà dé, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo bí mo ṣe ń fò, ẹ̀yin ló kàn." Kí n tó lanu, ó ti ré bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ náà gan-an. Apá rẹ̀ kán, igbe rẹ̀ sì gba gbogbo agbo ilé.

Bàbá rẹ̀ ní, "Àwọn ewúrẹ́ yìí ló jẹ èèpo náà."

"Èmi ni mo kó o, Bàbá," ni mo wí.

Kò nà mí. Ó ní kí n máa wẹ Ràfíátù títí apá rẹ̀ á fi san. Láràárọ̀, bí mo bá ti ń bomi sí i lára, á bi mí bóyá mo ti fò. Kò sẹ́ni tó dá mi lẹ́kun, ṣùgbọ́n n kò gun ibùsùn náà rí.