Kíláàsì Tó Dákẹ́

Wọ́n gba ipò mọ́nítọ̀ lọ́wọ́ mi nítorí pé kíláàsì mi dákẹ́.

Ẹ̀yin tá a jọ lọ síléèwé nígbà owó epo, ẹ máa rántí òórùn símẹ́ǹtì tútù. Gbogbo Ìkòtún ló ń rùn bẹ́ẹ̀. Ìjọba ń kọ́ kíláàsì tuntun, àwọn ọmọ ń ya wọlé, wọ́n pọ̀ ju àga lọ. Ẹlòmíì jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ẹlòmíì sójú fèrèsé. Àárín èrò yẹn ni wọ́n ti fi èmi Rísíkátù ṣe mọ́nítọ̀, ọmọ kékeré tí ohùn rẹ̀ ò dé ẹ̀yìn kíláàsì.

Bàbá mi, télọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́, kì í pariwo mọ́ àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀. Bí nǹkan bá dàrú ní ṣọ́ọ̀bù, á ní, "Kọ́kọ́ mí ná." Ohun tí mo gbé lọ síléèwé nìyẹn. Bí ariwo bá sọ, màá mí, màá rìn lọ bá ẹni tó ń pa á, màá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, màá bi í pé kí ló dé. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò ní pẹ́ńsùlù ni, tàbí wọ́n ti tì í kúrò lórí bẹ́ńṣì. A ó tún un ṣe. Ó parí.

Ẹ sì mọ òfin: bí tíṣà bá jáde, mọ́nítọ̀ á kọ orúkọ àwọn aláriwo sójú bọ́ọ̀dù, tíṣà á padà wá nà wọ́n. Lọ́jọ́ kan Tíṣà Bánjọ wọlé, ó bá bọ́ọ̀dù lófìfo.

"Orúkọ dà?"

"Kò sí, sà. Wọn ò pariwo."

"Gbogbo èrò yìí? Irọ́ lo ń pa! Kí ni wọ́n fún ẹ jẹ, gúgúrú àbí ẹ̀pà?"

Bẹ́ẹ̀ ó ti kọ́kọ́ dúró ní fàráńdà, ó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ bí ibẹ̀ ṣe pa rọ́rọ́. Ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi, ó gbé e fún Múfú, ọmọ tó ga jù láàárín wa, ó fi pàṣán lé e.

Láti ọjọ́ náà, "Ṣọ́rápù!" gba kíláàsì kan. Bọ́ọ̀dù kún. Bí orúkọ ò bá tó, Múfú á fi ti ẹni tó ń sùn kún un. Báyìí ni wọ́n ṣe na Bọ́sẹ̀, ọ̀rẹ́ mi, tí ibà ń ṣe, lọ́wọ́ títí tí kò fi lè di pẹ́ńsùlù mú. "Mọ́nítọ̀ gidi rèé jàre!" ni Tíṣà wí.

Nígbà tó yá, ohùn Múfú há. Ariwo gba òrùlé. Ó yọ́ wá síbi bẹ́ńṣì mi. "Rísí, jọ̀ọ́, bá mi dá wọn dúró. Wọn ò gbọ́ tèmi mọ́." Mo ronú kan Bọ́sẹ̀ tó jókòó tì mí, mo dìde. Mo kàn ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ẹni tó kẹ́yìn fi jókòó. Orí ìdúró yẹn ni Tíṣà bá mi. Ó wò mí, ó wo Múfú, ó nawọ́ sí i, ó ní, "Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mọ́nítọ̀ yín!" Múfú pàápàá ò lè gbójú sókè.

Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà yẹn pàtẹ́wọ́, ó jókòó. Èmi tó dàgbà, tó jáde yunifásítì, tó ti darí ọ́fíìsì fún ọ̀pọ̀ ọdún láìjágbe mọ́ ẹnikẹ́ni, ọkàn mi ṣì balẹ̀ bíi tiẹ̀. Ẹnu nìkan ni mo fi jù ú lọ. Nítorí náà mo ń béèrè. Tíṣà Bánjọ, àti ẹ̀yin hẹ́dímásítà tí ẹ ń gba fàráńdà kọjá tí ẹ ń gbọ́ igbe Bọ́sẹ̀: ta lẹ rí tó dìde dúró lọ́jọ́ tí ohùn Múfú há? Kí ni ìdákẹ́jẹ́ wa fi ṣe yín, tí ẹ fi ní láti nà án kúrò lára wa? Ẹ dá mi lóhùn.