Yẹtí Tí Ìyá Mi Ní Òun Máa Fi Ránṣẹ́

Wọ́n ní wọ́n mú mi wá sílé. Ilé ta ni? Kùmásí ni wọ́n bí mi sí, ní Góòlù Kóòsì, kí wọ́n tó máa pè é ní Gáná, níbi tí ìyá mi ti ń ta aṣọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tó mú mi wá sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìlọrà. Ní tèmi o, Ìlọrà gan-an ni ìdálẹ̀. Bí mo bá la ẹnu, èdè ará Kùmásí á ti wọ inú Yorùbá mi, àwọn ọmọ agboolé á sì bú sẹ́rìn-ín. Mo bá panu mọ́.

Lọ́jọ́ tí ìyá mi ń padà lọ, ó fi ọwọ́ di etí mi méjèèjì mú. Làálì ti mú èékánná rẹ̀ pupa. Ó ní, “Yẹtí wúrà rẹ ni n ó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Bó o bá ti rí i, mò ń bọ̀ nìyẹn.”

Ẹ̀rùn kan kọjá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin kan ti Kùmásí dé, ó fi aṣọ funfun kékeré kan tí wọ́n di nǹkan sí lé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin lọ́wọ́. Ìyẹn gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó rì í mọ́lẹ̀. Ìyá àgbà kò jáde, ó ń sunkún nínú yàrá. Wọ́n ní eyín ló ń dùn ún. Kí ló kàn mí kan eyín? Yẹtí mi ti dé, àwọn olè yìí sì ti rì í mọ́lẹ̀!

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n lọ sóko, mo fi ṣíbí hú u. Irun ni mo bá níbẹ̀, àti èékánná, làálì ṣì wà lára wọn. Mo dá èékánná náà mọ̀. Mo kó wọn sí àtẹ́lẹwọ́, mo ń wá yẹtí mi láàárín wọn.

Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi ká mi mọ́. Ó ń nà mí, ó ń sunkún. “Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́!” Ta ni ì bá kọ́ mi? Gbogbo àgbà ló mọ̀ pé bí èèyàn wọn bá kú sí ìdálẹ̀, irun àti èékánná rẹ̀ ni wọ́n ń gbé wálé wá sin. Ẹnì kan ò sọ fún èmi olóòkú.

Mo bi ìyá àgbà pé, “Màmá, ìgbà wo ni ìyá mi máa dé?”

Ó ní, “Á dé. Jẹun.”

Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń jókòó sẹ́bàá títì, tí mò ń wo ọkọ̀ tó ń gba Fìdítì bọ̀. Àwọn àgbà agboolé ń kọjá níwájú mi, wọ́n ń kí mi, kò sì sẹ́nì kan tó ní kí n dìde.