Àdúrà Títa Adágún

Mùnírátù fi èékánná ṣí ewé òjúoró kékeré kan kúrò létí ìró rẹ̀. Ó wò ó, ó ká a sí méjì, ó sì rọra sọ ọ́ sábẹ́ àga kí ẹnikẹ́ni má baà rí i.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí i.

"O tún ti lọ sínú omi yẹn láàárọ̀ yìí," ni Sàkàrìyáù wí. Òun ni olórí ẹbí. Bàbá kan náà ló bí wọn, ìyá wọn ló yàtọ̀.

"Mo lọ, Bọ̀ọ̀dá."

Ẹ̀yìn ilé wọn ní Ìgàndó ni adágún náà wà. Omi rẹ̀ ni wọ́n mu dàgbà. Nígbà tí ọkọ Mùnírátù kú, ó kó ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ padà sílé bàbá rẹ̀, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù síwájú ilé. Ibẹ̀ ni ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Hope ti bá a, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń dáàbò bo omi. Wọn kì í ṣe ìjọba. Ohun tí àwọn èèyàn bá dá jọ ni wọ́n fi ń ra àwọ̀n àti bàtà rọ́bà. Mùnírátù kò ní ohun tí yóò dá. Ó fún wọn ní igun ṣọ́ọ̀bù láti kó ẹrù sí. Nígbà tó yá, òun náà wọ bàtà rọ́bà, ó ń bá wọn fa ọ̀rá jáde lómi.

Lónìí, Ọ̀gbẹ́ni Gbóyèga jókòó sí pálọ̀ wọn. Ó fẹ́ ra adágún náà, kó fi iyanrìn dí i, kó kọ́ ilé lé e. Típà rẹ̀ ti dúró níta, awakọ̀ kò pa ẹ́ńjìnnì.

Ìdí igi mẹ́ta ló wà nínú ẹbí náà. Bí wọ́n bá ń ta ilẹ̀, gbogbo ìdí igi gbọ́dọ̀ jókòó ti àdúrà. Bí ẹnì kan bá dìde kí wọ́n tó ṣe àmín, ọjà bàjẹ́ nìyẹn. Mùnírátù ló dúró fún ìdí igi ìyá rẹ̀.

"Àbí ẹja ló fẹ́ fẹ́ ẹ ni?" Rashidat, àbúrò wọn láti ìdí igi kẹta, bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó omi! Jókòó jẹ́ẹ́ jàre, jẹ́ ká rí nǹkan jẹ."

"Bọ̀ọ̀dá, tí wọ́n bá dí i, níbo ni àgbàrá máa gbà? Yàrá wa ni."

"A máa gbẹ́ gọ́tà, mà," ni Gbóyèga wí.

"Ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀, sà."

Sàkàrìyáù rẹ ohùn sílẹ̀. "Mùní, inú ilé yìí lò ń sùn. Iwájú rẹ̀ lo ti ń ránṣọ. Tí o bá dìde lónìí, má padà wá. Kí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ fún ẹ nílé."

Yàrá kan ṣoṣo ni Hope ń gbé, l'Ẹ́gbẹ̀dá.

Gbóyèga ṣí fìlà. Rashidat tẹ́ àtẹ́lẹwọ́.

"Bisimiláì," ni Sàkàrìyáù bẹ̀rẹ̀. Ó ń fa àdúrà náà gùn, ojú rẹ̀ kò kúrò lára àbúrò rẹ̀. Ọwọ́ Mùnírátù wà lórí itan.

Ó dìde.

"Mùnírátù!"

Kò wo ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù. Ó gba iwájú típà kọjá, ó yà sójú ọ̀nà Ìkòtún, ó ń lọ.