Eérú Steinvör Wà Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn Títì

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn pọ̀. Atẹ́gùn tó ń gbo páànù òrùlé mi. Orúnkún mi. Búréèkì ọkọ̀ mi tó ń dún. Ṣùgbọ́n èyí tó burú jù ni Steinvör. Oṣù kejì ló kú. A jó òkú rẹ̀ bó ṣe fẹ́, àmọ́ títí di òní, ìkòkò eérú rẹ̀ ṣì wà ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ òṣèlú wa ní Reykjavík, olú ìlú wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ kọfí, wọ́n sì ti ti ilẹ̀kùn pa.

Obìnrin yìí ń sin àgùntàn ní àfonífojì wa. Kò bímọ. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ sé odò wa, kí ilé iṣẹ́ alumíníọ̀mù lè rí iná lò, inú ilé ìdáná rẹ̀ la ti dá ẹ̀ka ẹgbẹ́ aláwọ̀ ewé apá òsì, ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbèjà ilẹ̀ àti omi, sílẹ̀. Ó hun súẹ́tà aláwọ̀ ewé fún gbogbo wa. Lọ́jọ́ tá a fẹ́ lọ fẹ̀hónú hàn létí odò, mo ní ẹ̀rù ọlọ́pàá ń bà mí.

Ó ní, "Òjò tí kò tíì ṣú ló máa ń pa ìwọ. Wọ súẹ́tà ẹ, jẹ́ ká lọ."

Ẹgbẹ́ wa wọ ìjọba. Wọ́n ní inú ibẹ̀ ni àwọn ti máa dá ìsédò dúró. Ta ló wá fọwọ́ sí i? Mínísítà tiwa ni, tó ti jẹ ẹran àgùntàn nílé Steinvör. Síbẹ̀, Steinvör kò kúrò nínú ẹgbẹ́. Ó ní, "Ilé mi tó ń jò ni. Ṣé kí n wá lọ sùn síta?"

Níbi tá a ti ń mu kọfí lẹ́yìn ìsìnkú, alága ẹgbẹ́ gba ìkòkò náà lọ́wọ́ mi. Ó ní ẹgbẹ́ ló máa gbé màmá lọ síbi tí odò ti ń já láti orí àpáta, níbi tó ní ká da òun sí, pẹ̀lú àsíá àti orin, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n ya fọ́tò. Lẹ́yìn náà ni ìdìbò dé. A kò rí àga kan ṣoṣo nílé aṣòfin.

Mo pe Ketill, akọ̀wé ẹgbẹ́ tẹ́lẹ̀.

"Ìkòkò màmá ńkọ́?"

"Bàbá, mi ò sí níbẹ̀ mọ́. Bàtà ni mò ń tà báyìí."

"Ta ló ní kọ́kọ́rọ́?"

"Alága. Ó wà ní Spéìn. Ó ní òun ń sinmi."

"Kí ló ṣe tó rẹ̀ ẹ́?"

"Ẹ má bínú, bàbá. Ó kéré tán, ibẹ̀ ò tutù. Wọn ò tíì gé iná."

Odò wo ni wọ́n sé kí iná yẹn tó débẹ̀?

Ìbò ni wọ́n pàdánù, wọn ò pàdánù ọwọ́ tí wọ́n fi ń gbé nǹkan. Ẹgbẹ́ tí kò lè gbé ìkòkò kan dé àfonífojì, òun ló ní òun fẹ́ gba ayé là?

Odò ti bọ́ lọ́wọ́ wa, mo mọ̀. Ní Sátidé, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹsàn-án, wọ́n máa ti ìsédò pa mọ́ omi, àpáta yẹn á sì gbẹ. Mo kàn fẹ́ kí Steinvör dé ibẹ̀ nígbà tí omi ṣì ń já ni. Alága, wá ṣílẹ̀kùn. Kí mínísítà náà wá pẹ̀lú, kó dúró létí omi, kó sọ fún òkú ìdí tó fi fọwọ́ sí i. N kò retí yín. Síbẹ̀, ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án, èmi àti búréèkì mi ń bọ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn.