Ẹ̀gbọ́n Tó Ń Dọ̀bálẹ̀ fún Àbúrò

Ọ̀rọ̀ yìí ń rí mi lára, n kò sì ní dọ́gbọ́n sọ ọ́.

Bíríkìlà ni Jibril ọkọ mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ilé tó bá wọn kọ́ ní Ìgàndó yìí kò lóǹkà. Lọ́dún tó kọjá, ó já bọ́ láti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ayọ̀bọ̀, ó fi orí sọlẹ̀. Dókítà ní ọpọlọ rẹ̀ ló fara pa. Ó ń jẹun, ó ń rìn, ó ń kírun, ṣùgbọ́n kò mọ àgbà yàtọ̀ sí ọmọdé mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá rí, ìdọ̀bálẹ̀ ni, títí kan Wàsílátù, ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀.

Ẹ wá wo àwọn ará àdúgbò wa ṣá. Gìrìpá ọkùnrin á jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, á ní, "Jibril, o ò kí wa ni?" Bó bá ti nà gbalaja, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kó tún un ṣe, àyà rẹ̀ ò tíì kanlẹ̀. Àwọn kan tiẹ̀ ń fi fóònù ká a. Inú ilé tó bá wọn kọ́ ni wọ́n ń sùn o. Bí mo bá rí wọn, itọ́ á kún mi lẹ́nu.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń wá: kí ẹnì kan nínú ẹbí rẹ̀ gbé e dìde, kó sọ fún un pé, "Ẹ dìde, ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n." Mo rò pé bó bá gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ ìyá rẹ̀, á padà yé e. Mo ránṣẹ́ sí Àmúsà, àbúrò rẹ̀ tó ń gbé ní Akowonjo, ẹni tí Jibril ru búlọ́ọ̀kù láti rán nílé ìwé títí tó fi kàwé yanjú. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn, n kò pe orúkọ rẹ̀ rí. Ọkọ Mi Kékeré ni mò ń pè é.

Ó dé lọ́sàn-án Jímọ̀ nínú aṣọ funfun, ó jókòó sórí àga ọkọ mi. Jibril dọ̀bálẹ̀ fún un. Mo ń retí. Àmúsà kò gbé e. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ó ń tẹ fóònù rẹ̀ lọ. Jibril rí eruku lára bàtà rẹ̀, ó ṣí fìlà, ó fi ń nù ún níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí. Nígbà tó nu ọ̀kan tán, Àmúsà na ẹsẹ̀ kejì sí i.

"Àmúsà," mo ní, "dìde lórí àga yẹn."

Ó wò mí. "Èmi lo pè lórúkọ, Ìyàwó?"

"Ìwọ ni. Dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ."

Ó wo ilẹ̀, ó wo ara rẹ̀. Ó ní aṣọ òun funfun.

Mo ṣílẹ̀kùn fún un. Bàtà tó fi jáde ń dán.

N kò retí ẹnikẹ́ni mọ́ láti ọjọ́ náà. Láàárọ̀, bí Jibril bá ti fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún mi, èmi náà á yára kúnlẹ̀ fún un. Àwa méjèèjì á wà nílẹ̀. Á wò mí, á dìde, á fi ọwọ́ méjèèjì gbé mi.

"Ẹ dìde, mà," á ní. "Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n."